Ọmọ Àkàndá Ẹ̀dá àti Eré Ìdárayá: Àwọn Ìbéèrè Táwọn Òbí Máa Ń Bi Wá Jù

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ṣáá, látọ̀dọ̀ ìyá, látọ̀dọ̀ bàbá, látọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kó wọn jọ síbì kan. Ẹ ka èyí tó bá kàn yín, ẹ fo èyí tí ò kàn yín.

Ṣé ó pọn dandan kí ọmọ mi máa ṣeré ìdárayá? Ṣé ìsinmi kọ́ ló dáa fún un?

Ó pọn dandan o. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ara ọmọ tó ní ìpèníjà ò yàtọ̀ sí tọmọ yòókù: ọkàn ẹ̀ nílò kó máa lù kíkankíkan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, eegun ẹ̀ nílò iṣẹ́ kó tó lè le, iṣan tẹ́ẹ bá sì fi sílẹ̀ láìlò, ńṣe lá máa rọ tàbí kó máa sún kì. Tẹ́ẹ bá wò ó dáadáa, òun gan-an ló nílò ẹ̀ jù, torí ọmọ tó jẹ́ pé agbára díẹ̀ ló ní, tí díẹ̀ yẹn bá tún lọ, ohun tó ń dá ṣe tẹ́lẹ̀, bíi kó dìde lórí àga tàbí kó yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì, á bẹ̀rẹ̀ sí í di nǹkan tí wọ́n ń bá a ṣe.

Ó tún ń jẹ́ kó sùn dáadáa, kó máa yàgbẹ́ déédéé (ọmọ tó ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́ máa ń ní wàhálà yẹn gan-an), kí ojú ẹ̀ sì là. Ìsinmi dáa, àmọ́ ẹ̀yìn eré ló yẹ kó wà.

Ìṣẹ́jú mélòó ló yẹ kó ṣe lóòjọ́?

Lọ́dún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìtọ́sọ́nà kan jáde tó dárúkọ àwọn tó ní ìpèníjà ara lọ́tọ̀, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ nínú èyí tó wà ṣáájú. Ohun tí wọ́n sọ fọ́mọ ọdún 5 sí 17 ni pé tẹ́ẹ bá pín in dọ́gba láàárín ọ̀sẹ̀, kó tó ìṣẹ́jú 60 lóòjọ́, eré tó máa jẹ́ kó mí gúlegúle díẹ̀, kí èyí tó le gan-an àtèyí tó ń fún iṣan àti eegun lágbára sì wà níbẹ̀ ó kéré tán ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀. Wọ́n tún sọ ọ́ kedere pé díẹ̀ sàn ju kó má ṣe rárá lọ.

Mo mọ̀ pé 60 yẹn máa ń já òbí láyà. Lọ́dún 2022, àwọn ọ̀gá àgbà dókítà ìjọba ní UK gbé tiwọn jáde fún àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, wọ́n ní ìṣẹ́jú 120 sí 180 láàárín ọ̀sẹ̀ kan ti ń ṣe ara lóore, ìyẹn nǹkan bí 20 lóòjọ́, pẹ̀lú eré tó ń fún iṣan lágbára tó sì ń jẹ́ kó lè dúró dáadáa, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Tiyín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, 20 yìí ni mo ní kẹ́ẹ dì mú, ẹ sì lè gé e sí márùn-ún márùn-ún. Tó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ máa fi kún un.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé eré yẹn tó?

Tọ́mọ bá lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí ò lè kọrin, ó ti wà níbi tó yẹ. Tó bá ṣì ń kọrin geere, ẹ lè fi díẹ̀ kún un, tí ò bá lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀, ẹ jẹ́ kó rọra.

Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, àyà ẹ̀ lẹ máa wò, ojú ẹ̀, bó ṣe ń làágùn. Ẹ má fi tọmọ ẹlòmíì wọn tiẹ̀. Ìrìn láti yàrá dé pálọ̀ lè má jẹ́ nǹkan kan fún àbúrò ẹ̀, kó sì jẹ́ eré gidi fún òun.

Ọmọ mi ò ṣe irú ẹ̀ rí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ibi tí inú ẹ̀ ti ń dùn. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta wò ó láìsọ nǹkan kan: kí ló máa ń mú un rẹ́rìn-ín, kí ló máa ń nawọ́ sí, ìgbà wo lára ẹ̀ máa ń yá jù. Tó bá jẹ́ orin ló fẹ́ràn, ijó lẹ máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, kódà tó bá jẹ́ èjìká nìkan ló lè mì. Tó bá jẹ́ omi, ẹ fi kún àkókò ìwẹ̀ ẹ̀ kó máa ta omi káàkiri. Tó bá fẹ́ràn kó máa ju nǹkan sílẹ̀ tó ń bí yín nínú, ẹ gbé bákẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, ó ti di eré nìyẹn.

Ẹ so ó mọ́ nǹkan tó ti wà lójúmọ́ tẹ́lẹ̀, bíi lẹ́yìn ìwẹ̀ tàbí kó tó wọ aṣọ iléèwé, torí tẹ́ẹ bá ní ẹ máa ṣe é nígbà tẹ́ẹ bá ráyè, ẹ ò ní ráyè. Kẹ́ẹ sì dáwọ́ dúró nígbà tó ṣì ń fẹ́ sí i, kó lè jẹ́ pé òun lá máa bi yín lọ́la pé ìgbà wo la máa ṣe é.

Àwọn nǹkan tí wọ́n ń tà fún irú eré yìí ti wọ́n jù fún mi ńkọ́?

Ẹ ò nílò wọn láti bẹ̀rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tẹ́ẹ ká sínú ara wọn ti di bọ́ọ̀lù rírọ̀, ike omi mẹ́fà tẹ́ẹ tò ti di ohun tó máa fi bọ́ọ̀lù wó lulẹ̀, téèpù tẹ́ẹ lẹ̀ mọ́lẹ̀ ti di ọ̀nà tó máa rìn tàbí tó máa wa wheelchair lé lórí. Bàlúùnù dáa gan-an torí kì í yára bọ́ sílẹ̀, ọmọ tí ọwọ́ ẹ̀ ò yá máa rí àyè gbá a.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní spina bifida (ìyẹn kí eegun ẹ̀yìn má pa dé dáadáa látinú oyún) ni rọ́bà latex máa ń bá lára jà, bàlúùnù tó wọ́pọ̀ sì rèé, latex ni. Fún wọn, bọ́ọ̀lù ike onífẹ́fẹ́ lẹ máa lò. Bàlúùnù tó bá sì ti bẹ́, ẹ tètè ṣa á kúrò nílẹ̀ kọ́mọ má gbé e sẹ́nu.

Ṣé físíò tó ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ò ti tó?

Ò tó. Físíò ní iṣẹ́ tiẹ̀: kí ẹsẹ̀ má ká kò, kí ọwọ́ lè nà, kọ́mọ mọ bí wọ́n ṣe ń dìde. Eré ní iṣẹ́ tiẹ̀, ọkàn tó ń lù, ẹ̀rín, ọ̀rẹ́. Ohun tí mo máa ń bẹ àwọn òbí ni pé ẹ má sọ gbogbo eré di físíò. Tọ́mọ bá ń ju bọ́ọ̀lù, tẹ́ẹ wá ń sọ ní gbogbo ìgbà pé "na ọwọ́ yẹn dáadáa, gbé orí ẹ sókè", ó máa mọ̀ pé iṣẹ́ lẹ gbé fún òun, á sì kórìíra ẹ̀. Ẹ bi físíò yín pé eré wo ló lè ṣe ohun tó ń wá, kẹ́ẹ délé kẹ́ẹ kàn jọ ṣe é.

Ṣé dandan ni kí n kọ́kọ́ rí dókítà?

Fún eré ojoojúmọ́ lásán, fún ọ̀pọ̀ ọmọ, rárá. Àwọn tó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè ni òbí ọmọ tí ọkàn ẹ̀ ní ìṣòro, tí wárápá ẹ̀ ò tíì rọlẹ̀, tí eegun ẹ̀ máa ń yára kán, tó ní páìpù tó ń fa omi kúrò lórí, tí àìsàn ń jẹ iṣan ẹ̀, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ.

Ọmọ tó ní Down syndrome (ipò tí wọ́n bí mọ́ ọmọ, tó máa ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó kọ́ nǹkan) náà wà níbẹ̀. Nǹkan bí ìdajì wọn ni wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù ọkàn, torí náà ó yẹ kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Oríkèé tó wà lókè ọrùn wọn tún lè máa yẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ẹ béèrè kó tó máa ta òkìtì, kó tó fi orí bẹ́ sómi tàbí kó tó gun trampoline (aṣọ líle tí wọ́n nà, tí wọ́n ń fò lórí ẹ̀). Tẹ́ẹ bá rí i pé ọrùn ń dùn ún, orí ẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìrìn ẹ̀ yí padà, ọwọ́ ẹ̀ ń rọ, tàbí ó ti mọ ilé ìtọ̀ tẹ́lẹ̀ tó tún wá ń tọ̀ sára, ẹ dá eré dúró kẹ́ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ má bi dókítà pé "ṣé ó lè ṣeré?" Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ dí máa dáhùn pé kẹ́ẹ ṣọ́ra, ẹ ó sì padà sílé láìmọ nǹkan kan. Ẹ bi í pé "kí ni kò gbọdọ̀ ṣe, báwo sì ni mo ṣe máa mọ̀ tó bá ti pọ̀ jù?" Yàtọ̀ síyẹn, ó lè ṣe é.

Wheelchair lọmọ mi ń lò. Eré wo ló wà fún un?

Ó pọ̀ ju báwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ó lè sáré, ó lè gba bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n, ó lè jó, ó lè lúwẹ̀ẹ́. Fọ́mọ tí ọwọ́ ẹ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, eré boccia wà: bọ́ọ̀lù rírọ̀ kékeré ni wọ́n ń jù tàbí yí kó lè sún mọ́ bọ́ọ̀lù funfun kan, ẹni tí ò lè fọwọ́ jù ú lè fi ẹsẹ̀ gbá a, tàbí kó fi orí tì í kó gba orí pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó ti wà nínú Paralympics, ìdíje àgbáyé fáwọn tó ní ìpèníjà ara, láti 1984. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiẹ̀ wà fáwọn tó ń lo wheelchair oníbátìrì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ń gbàgbé ni pé kẹ́ẹ máa gbé e kúrò lórí wheelchair yẹn. Ẹ tẹ́ ẹní tàbí fóòmù sílẹ̀, kó máa yí gbiri, kó máa fà, kó máa rá, torí ara tó bá ń jókòó síbi kan náà látàárọ̀ máa le sí ìjókòó yẹn ni.

Tẹ́ẹ bá ń ṣeré lórí wheelchair, kí bẹ́líìtì wà, kí ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn tí kì í jẹ́ kó dà wà. Ibi tára ẹ̀ kì í ti í mọ nǹkan lára, bí ìdí, gìgísẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn eré, tẹ́ẹ bá rí ibi tó yí àwọ̀ tí ò kúrò, ẹ má jẹ́ kó jókòó lé e mọ́ títí táá fi kúrò. Ọmọ tó ń ti wheelchair fúnra ẹ̀, èjìká ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa sinmi.

Ojú ọmọ mi ò ríran. Báwo ló ṣe máa sáré?

Okùn kúkúrú ni. Òun di orí kan mú, ẹni tó ń bá a sáré di ìkejì mú, wọ́n jọ ń gbé ẹsẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú un rin ibẹ̀ yípo ní pẹ̀lẹ́, kó fọwọ́ kan ògiri, kan ẹnu ọ̀nà, kó mọ ibi tí ilẹ̀ ti dà, lẹ́yìn ìyẹn ẹ má ṣí nǹkan nípò láìsọ fún un.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fò tàbí jù, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan ara tiyín nígbà tẹ́ẹ bá ń ṣe é. Ẹ má kàn gbá a mú kẹ́ẹ máa tì í síbí sọ́hùn-ún, ẹ kọ́kọ́ sọ pé ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn án. Bọ́ọ̀lù tó ní ṣaworo nínú ni kẹ́ẹ wá. Eré goalball, tiwọn gan-an ni: mẹ́ta mẹ́ta, bọ́ọ̀lù tó ń dún, gbogbo wọn ló sì ń di ojú kí ẹni tó ń rí bàìbàì má baà jàǹfààní ju ẹni tí ò rí rárá lọ. Àwọn àìsàn ojú kan wà tí ìfarakínra tàbí fífò lè bà jẹ́ sí i, ẹ bi dókítà ojú.

Ọmọ mi ò gbọ́ràn ńkọ́?

Eré gbogbo ló lè ṣe, ẹ̀yin lẹ máa yí bẹ́ẹ ṣe ń pè é padà. Ẹ fọwọ́ júwe tàbí kẹ́ẹ ju àsíá, ẹ dúró níwájú ẹ̀, kí oòrùn má sì wà lẹ́yìn yín tí ò fi ní rí ojú yín. Ẹ yọ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kó tó wọ omi àyàfi tó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún omi. Àwọn ọmọ kan wà nínú wọn tí inú etí wọn ò jẹ́ kí wọ́n lè dúró dáadáa, pàápàá nínú òkùnkùn, ẹ máa wò ó.

Ọmọ mi ní autism (ọpọlọ ẹ̀ ń gba ìró, ọ̀rọ̀ àti ìbákẹ́gbẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀), kò fẹ́ ariwo, kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni ṣeré.

Ẹ má fi ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìlúwẹ̀ẹ́, kẹ̀kẹ́, trampoline, eré sísá, gígun nǹkan, gbogbo ìyẹn ló lè dá ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíì láìjẹ́ pé ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ ya àwòrán ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ síwèé, ní títò: a ó wọ bàtà, a ó fò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, a ó mu omi, ó parí. "Ó parí" yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí ohun tó máa ń ká ọ̀pọ̀ wọn lára ni pé wọn ò mọ ìgbà tí nǹkan máa tán. Ibì kan náà, àkókò kan náà, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kẹ́ẹ tó yí nǹkan kan ṣoṣo padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní autism ló máa ń rìn lọ láìsọ fẹ́nì kan, omi sì máa ń fà wọ́n, ikú omi wà lára ohun tó ń pa wọ́n. Kódà tó bá ti mọ̀ ọ́n, ojú yín ò gbọdọ̀ kúrò lára ẹ̀ nítòsí omi.

Ọmọ mi ní wárápá. Ṣé ó lè wọ omi?

Ó lè wọ̀ ọ́ tí dókítà ẹ̀ bá fọwọ́ sí i, tẹ́nì kan bá wà tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń wò, tẹ́ni yẹn lè lúwẹ̀ẹ́, tó sì mọ ohun tó máa ṣe. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ omi ibẹ̀ náà. Tó bá mú un nínú omi, ẹ gbé ojú ẹ̀ sókè kúrò nínú omi, ẹ má di ọwọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, tí gbígbọ̀n yẹn bá ti dúró ẹ gbé e jáde, kẹ́ẹ sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò kódà tó bá ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun, torí omi lè ti wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀.

Lórí kẹ̀kẹ́, helmet. Ibi gíga, kò gbọdọ̀ gun ún láìsí okùn lára. Oògùn wárápá kan, topiramate, kì í jẹ́ káwọn ọmọ kan làágùn dáadáa, tó bá wà lára tiẹ̀, ẹ má jẹ́ kó sáré nínú oòrùn gangan.

Ọmọ mi ní cerebral palsy (ìpèníjà ìrìn àti ìdúró tó wá látinú ọpọlọ tó ṣèṣe ní kékeré). Wọ́n ní tó bá ń lo agbára, ara ẹ̀ á túbọ̀ máa le.

Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Ìwádìí lórí eré afúnnilágbára fáwọn ọmọ yìí ò fi hàn pé ó ń mú ara le sí i. Ohun tó máa ń mú un le lọ́wọ́ kan ni òtútù, ẹ̀rù, ìdùnnú tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì máa ń rọ̀ tó bá yá. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ gan-an. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ẹ ṣọ́ ni ìbàdí: ọmọ tí ò rìn, eegun itan ẹ̀ lè máa yọ díẹ̀díẹ̀, tẹ́ẹ bá rí i pé ó ń sunkún tẹ́ẹ bá ń ya ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má fipá yà á.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ó ti ní ó rẹ òun. Ṣé ọ̀lẹ ni?

Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ní cerebral palsy ń ná agbára tó pọ̀ gan-an ju ti ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ kó tó lè rin ìrìn kan náà, torí náà nígbà tó bá fi máa dé pápá, òun ti ṣe eré tiẹ̀ tán. Ẹ fi wheelchair gbé e débẹ̀, kó lè fi agbára ẹ̀ ṣeré. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan máa ń rò pé wheelchair túmọ̀ sí pé àwọn ti gbà pé kò ní rìn mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Fọ́mọ tó ní Duchenne, àìsàn tó ń jẹ iṣan, ìkìlọ̀ ni àárẹ̀ jẹ́. Kò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo, kò gbọdọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ orí àtẹ̀gùn tàbí òkè lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kàn sí i, torí ìyẹn máa ń ya iṣan. Omi ló dáa jù fún un. Tí iṣan bá ń dùn ún gan-an lẹ́yìn eré tàbí ìtọ̀ ẹ̀ dúdú, ó ti pọ̀ jù, ẹ kàn sí dókítà.

Ẹ̀rù ń bà mí pé á ṣubú.

Mo gbọ́ yín. Ẹni tó ti gbé ọmọ sùn sí ọsibítù rí, kò lè wo ọmọ yẹn kó máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ kí ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Àmọ́ ohun tí mo ti rí ni pé ọwọ́ wa tó yára jù ló ń dá àwọn ọmọ dúró, ó tiẹ̀ ń dá wọn dúró ju ara wọn lọ. Ọmọ bá fẹ́ nawọ́ mú bọ́ọ̀lù, kó tó na ọwọ́ dé ìdajì, a ti mú un fún un.

Ẹ máa ka ẹní, èjì, títí dé mẹ́wàá nínú ọkàn yín kẹ́ẹ tó ràn án lọ́wọ́. Mẹ́wàá yẹn máa ń gùn. Ẹ máa rí nǹkan láàárín ẹ̀.

Ìṣubú náà ṣeé kọ́: lórí fóòmù, kó mọ bó ṣe máa gba ọwọ́ lélẹ̀, kó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó mọ bó ṣe máa dìde. Orúnkún tó bó máa san. Ọmọ tí tiẹ̀ yàtọ̀ ni ẹni tí eegun ẹ̀ ń yára kán, tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kì í tètè dá, tàbí tó ti pẹ́ lórí oògùn steroid. Fún àwọn yẹn, ẹ yan eré tí ìṣubú ò sí nínú ẹ̀.

Ọmọ mi kì í sọ̀rọ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé nǹkan ń dùn ún?

Ẹ kọ́kọ́ mọ bó ṣe máa ń ṣe tára ẹ̀ bá dá: ojú ẹ̀, bó ṣe ń na ẹsẹ̀, irú igbe tó máa ń ké, bó ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó gba ìpẹ̀. Tí ojú bá wá ń fún pọ̀, ẹsẹ̀ ń ta tàbí ó ká a mọ́ra, igbe yẹn ò jọ tàná, tẹ́ẹ gbé e mọ́ra tí ò dákẹ́, ẹ dúró. Ẹ ya fídíò ẹ̀ tára ẹ̀ bá dá, ó máa wúlò fún dókítà àti fún ẹni tó bá ń bá yín wò ó.

Ohun tó ń dá eré dúró lójú ẹsẹ̀ fún ọmọkọ́mọ ni àyà tó ń dùn, òyì tàbí dídákú, ètè tó yí àwọ̀, èémí tí ò wálẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi. Ọmọ tó ní páìpù lórí, ẹ fi ẹ̀fọ́rí, èébì àti oorun tí ò nídìí kún un.

Níléèwé, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n máa ń gbé e sí táwọn tó kù bá ń ṣeré.

Ìyẹn ò dáa, ẹ̀tọ́ ẹ̀ sì ni kó wà níbẹ̀. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní December 2006, sọ ọ́ ní abala 30 pé kí ọmọ tó ní ìpèníjà láǹfààní láti bá àwọn yòókù ṣeré, títí kan èyí tí wọ́n ń ṣe níléèwé. Kí wọ́n ní kó máa ka góòlù, ìyẹn ò tíì di eré.

Àmọ́ ní tòótọ́, ẹ̀rù ló máa ń ba ọ̀pọ̀ tíṣà. Ẹ kọ ìwé ojú kan fún un: ohun tó lè ṣe, ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ti rẹ̀ ẹ́, ẹni tó máa pè. Kẹ́ẹ wá sọ fún un pé nǹkan mẹ́rin ló lè yí padà: àyè tí wọ́n ti ń ṣe é, kó kéré sí i, òfin eré, kí bọ́ọ̀lù lè ta lẹ́ẹ̀mejì fún un, ohun èlò, kí bọ́ọ̀lù tóbi kó sì rọ̀, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é, kẹ́nì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹyọ kan nínú ẹ̀ ti tó.

Ṣé kó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ bíi tiẹ̀ ni àbí pẹ̀lú àwọn yòókù?

Méjèèjì, tó bá ṣeé ṣe. Láàárín àwọn bíi tiẹ̀, á rí i pé òun nìkan kọ́, á sì lè borí nígbà míì. Láàárín àwọn yòókù, á lọ́rẹ̀ẹ́ ládùúgbò. Special Olympics, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1968, tàwọn tó ní ìpèníjà ọpọlọ ni, ọmọ ọdún 8 ló lè bẹ̀rẹ̀ sí í díje, ètò Young Athletes sì wà fáwọn ọmọ ọdún 2 sí 7. Wọ́n tún ní Unified, níbi táwọn tó ní ìpèníjà àtàwọn tí ò ní ti ń wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ Paralympics, tó bẹ̀rẹ̀ ní Róòmù lọ́dún 1960, tàbí Deaflympics tàwọn tí ò gbọ́ràn, tó ti wà láti 1924.

Àìsàn ọmọ mi ń le sí i lọ́dọọdún. Kí ni eré tún fẹ́ ṣe?

Ìbéèrè yìí ló máa ń nira fún mi jù láti dáhùn. Eré ò ní dá àìsàn bẹ́ẹ̀ padà, mi ò sì ní parọ́ fún yín. Ohun tó lè ṣe ni kí èémí ẹ̀ túbọ̀ já gaara, kí oríkèé má dì, kí oorun alẹ́ wá, kó sì ní nǹkan tó ń retí láàárọ̀.

Àmọ́ ẹ máa yí eré yẹn padà kó tó di pé kò lè ṣe é mọ́, kó má jẹ́ pé lẹ́yìn tó bá ti kùnà. Tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ìdúró, ẹ kọ́ ọ láti gbá a lórí ìjókòó nígbà tó ṣì ń dúró. Ẹ bi òun fúnra ẹ̀ pé èwo ni ò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun. Ọ̀pọ̀ wọn kì í dárúkọ eré, orúkọ ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe é ni wọ́n máa ń dá, ọ̀rẹ́ yẹn sì ni kẹ́ẹ rí i pé ó ń wá sílé.